Olorì Abèèrè

Bí àwọn ará Ìdí-Àyìn bá ń sọ ìtàn Búrẹ́mọ̀ télọ̀ àti Hàlímọ̀ ẹlẹ́gùúsí, ibi ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń sọ ọ́ dé, tí wọ́n á gbọn aṣọ wọn, tí wọ́n á ní ó parí. Èwo ló parí níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọkọ òun ìyàwó wo ló ti parí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rí? Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìkòkò kaná. Apá kejì, níbi tí télọ̀ ti di ọba tí ẹlẹ́gùúsí sì di olorì, òun gan-an ló dùn, òun náà ló sì máa ń mú mi ṣọpẹ́ nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Àmọ́ kí ẹni tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ má baà máa wojú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ìlú kékeré ni Ìdí-Àyìn, láàárín Lánlátẹ̀ àti Èrúwà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gba ẹ̀gúsí dáadáa. Hàlímọ̀ Àmọ̀kẹ́ àti ìyá rẹ̀ a máa ra ẹ̀gúsí lóko, wọ́n á jókòó lábẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n á bó o, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà Lánlátẹ̀. Ọmọ náà rẹwà, ó mọṣẹ́, kò lójú kòkòrò. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé ọkọ sá fún un: ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ọkùnrin á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, á ní òun fẹ́ràn rẹ̀, Hàlímọ̀ á bi í pé kí ló fẹ́ràn níbẹ̀, pé ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún kó tó kan òun, pé kí ló dé tí bàtà rẹ̀ ọ̀tún fi jẹ ju tòsì lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá lẹ́ẹ̀kan tí wọn ò gba iwájú àtíbàbà náà kọjá mọ́. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Abèèrè. Ó ní lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ti ọmọ tòun yìí, á béèrè béèrè títí ọ̀nà fúnra rẹ̀ á fi sá lọ.

Búrẹ́mọ̀ Àkànó nìkan ni kò sá. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí àtíbàbà wọn. Bí iṣẹ́ bá dẹ̀ díẹ̀, á gbé àpótí rẹ̀ wá, á bù nínú ẹ̀gúsí, á máa bá wọn bó o. Ohunkóhun tí Hàlímọ̀ bá bi í, á dáhùn. Èyí tí kò bá mọ̀, á ní òun ò mọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdáhùn. Lọ́jọ́ tó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ní bí ọdún méjì lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, Hàlímọ̀ gbé èyí tó le jù sílẹ̀ fún un: bí òun bá wá ń béèrè títí eyín òun fi ká ńkọ́? Búrẹ́mọ̀ ò gbé orí sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń bó. Ó ní títí eyín tòun náà á fi ká lòun ó máa dáhùn. Kò pẹ́ ni àfáà so yìgì wọn, ibẹ̀ sì ni ìtàn àwọn ará ìlú parí sí.

Ó wá kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fẹ́ra, ọba Ìdí-Àyìn wàjà. Ìdílé Búrẹ́mọ̀ ló kàn láti jọba, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ìdílé. Àwọn kan ní ti àwọn, àwọn kan ní ti àwọn, wọ́n fà á títí ẹ̀ẹ̀rùn fi wọlé. Nígbà tó sú àwọn afọbajẹ, wọ́n wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bínú sí, wọ́n bá rí i pé télọ̀ ni, nítorí òun ló ń rán aṣọ fún tọ̀tún tòsì. Wọ́n ní orí tó máa dádé, inú agogo idẹ ní í ti í yọ wá. Ti Búrẹ́mọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti yọ. Nígbà tí wọ́n wá mú un, abẹ́rẹ́ ló fi sẹ́nu, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ní dídákẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó gbà. Hàlímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n tilẹ̀ bi í. Wọ́n ti gbé e lọ.

Ààfin ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ òfin inú rẹ̀ pọ̀. Ọba ò gbọdọ̀ jẹun níta, ọba ò gbọdọ̀ na ọjà, ọba ò gbọdọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa wo ẹni tó ń lọ ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sínú yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Olorì náà ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gúsí lọ sí Lánlátẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Hàlímọ̀ ní bí wọn ò bá jẹ́ kóun bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n kúkú gé òun lọ́wọ́, ni wọ́n bá gbà fún un. Gbogbo èyí ló fara mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lórí, ọ̀rọ̀ náà ni Kábíyèsí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rè é. Lọ́jọ́ kan, ọba lọ ìpàdé ní Èrúwà, òjò dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kó tó dé. Àwọn ìjòyè ti pé sí àgbàlá, àwọn èrò ti dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀. Hàlímọ̀ kúnlẹ̀ síwájú gbogbo wọn bó ṣe yẹ olorì, àyà rẹ̀ ti já láti ọ̀sán. Ó kí i dáadáa, ó ní Kábíyèsí o. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí! Ẹnu sì ti mọ́ ọn lára, ó ti béèrè kó tó mọ̀: "Níbo lẹ ti ń bọ̀ láti àárọ̀? Ṣé ẹ tiẹ̀ ti jẹun?"

Ọ̀tún Ṣàngódèyí, ìjòyè tó ga jù nílùú, tó ti sin ọba méjì ṣáájú eléyìí, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní kí olorì gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó ní Kábíyèsí ló kọ́kọ́ pè wọ́n, ká bi yín kò sí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó wá tún ń bi wọ́n nígbà tí Kábíyèsí náà ò tí ì tutù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo àgbàlá. Ó pa ọba náà. Ó kọ́kọ́ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú, kò lè pa á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín títí adé fi fẹ́ ṣí lórí rẹ̀. Ti èrò ò dun Hàlímọ̀. Ti Búrẹ́mọ̀ yẹn ló dùn ún dé ọkàn.

Ọ̀tún kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ràn ìlú rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí àwọn ìlú tó yí wọn ká máa pè wọ́n ní ìlú télọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá Hàlímọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní ọdún ìlú ń bọ̀, àlejò á wá láti gbogbo Ìbàràpá, olorì ló sì máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọba. Bó bá tún bi ọba léèrè níwájú ìlú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní jókòó síbẹ̀. Ìjòyè kan wà ní Ayétẹ̀ tó ní ọmọ kan, Mùnírátù, tí wọ́n fi àṣà ààfin tọ́, ìlú á fẹ́ ẹ fún ọba, òun ni yóò sì máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Hàlímọ̀ fẹ́ bi í pé ṣé ọba mọ̀ sí i. Ó gbé ìbéèrè náà mì. Ó ní òun ti gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Hàlímọ̀ ò ti bi ọba ní nǹkan kan mọ́. Kì í ṣe níta nìkan o, nínú yàrá pẹ̀lú. Ó ní bí òfin bá jẹ́ òfin, kó jẹ́ òfin. Tẹ́lẹ̀, bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á bi í bóyá iyọ̀ tó. Ní báyìí, á kúnlẹ̀, á ní Kábíyèsí, oúnjẹ rè é, á sì jáde. Ọba jẹ ọbẹ̀ ìlasa tí kò níyọ̀ láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn, ó ń dúró kí wọ́n bi í. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó ní òun lálàá kan lánàá, àlá tó yani lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní béèrè pé àlá wo? Hàlímọ̀ ní, "Kábíyèsí." Ó kó abọ́, ó jáde, àlá náà sì há sọ́ba nínú.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún obìnrin náà. Ìbéèrè kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa bi àwọn ewúrẹ́ léèrè pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, ta ni wọ́n jẹ iṣu rẹ̀. Ewúrẹ́ ò dádé, kò sófin tó ní ká má bi ewúrẹ́. Rùkáyàt ọmọ wọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sì rò pé orí ìyá òun ti ń dà rú. Ọba náà ńkọ́? Ó mọ̀ pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló fà á, ojú sì ń tì í láti sọ. Ọkùnrin! Ẹni tó lè rán agbádá lódidi kò lè rán gbólóhùn kan pọ̀ kó fi bẹ ìyàwó rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn tí oówo fi mú ọba. Ibi tó sì mú un, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọba fi ń jókòó sórí ìtẹ́ gan-an ni. Wàyí o, a kì í gbọ́ lẹ́nu ọba pé ara òun ò yá. Bí wọ́n bá bi í, ó lè dáhùn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ kéde oówo bí ẹni ń kéde ọjà. Ta ni yóò sì bi í? Ká bi yín kò sí. Olorì tó ń bi í tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ ló kù tó ń bi.

Ìpàdé ìjòyè dé, ọba wọlé, kò jókòó. Ìjòyè kì í sì í jókòó nígbà tí ọba bá wà lórí ìdúró, ni gbogbo wọn bá dúró. Wọ́n rò pé á jókòó láìpẹ́. Wọ́n dúró títí ìpàdé fi tú. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ọ̀kan ní bóyá ọgbọ́n tuntun ni ọba gbé dé kí ìpàdé má baà máa pẹ́. Òmíràn ní àwọn télọ̀ kúkú máa ń dúró bí wọ́n bá ń gé aṣọ. Ní ti Ọ̀tún, orúnkún rẹ̀ ló ń fọwọ́ ra.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ fi parí ètò ọdún ìlú. Mùnírátù ti ti Ayétẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, wọ́n fún wọn ní àyè lápá òsì, kí ìlú lè rí i. Ọmọ tó mọ̀wà hù ni, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kó kúnlẹ̀, kò wòkè. Hàlímọ̀ jókòó lápá ọ̀tún lẹ́yìn ìtẹ́, ní àyè olorì, ó sì rò ó pé bóyá ìjókòó òun ìkẹyìn níbẹ̀ nìyí bóun bá ṣi ẹnu yà. Ọba wọlé. Kò jókòó. Gbogbo ìjòyè dìde dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ ò tán. Oòrùn wọ àgbàlá. Orúnkún Ọ̀tún ń gbọ̀n, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Hàlímọ̀ ò wo Ọ̀tún, ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i bó ṣe di òpó mú. Ó rí òógùn lórí ètè rẹ̀ òkè, ó rí ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì tó ń sọ, ojú yẹn kì í sì í sọ àfi bí nǹkan bá ń dùn ún tí kò fẹ́ kígbe. Ibà ti wọ ọ́ lára. Gbogbo ìlú ń wò ó, kò sí ẹni tó rí i. Hàlímọ̀ wo Mùnírátù, ó wo àga òfìfo tí wọ́n ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ de ọdún ìlú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n gbé jókòó sórí àga. Ó dìde.

"Bàbá Rùkáyàt," ó ní, "kí ló ń ṣe yín?"

Kò tilẹ̀ pe Kábíyèsí. Ọ̀tún la ẹnu, ọba gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè sí i, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí fún.

"Oówo ni, Àmọ̀kẹ́."

"Níbo ló wà?"

Ọba wo àwọn ìjòyè, ó wo àwọn àlejò, ó wo àjà. "Ibi tí mo fi ń jókòó ni."

"Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára yín, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Omi bọ́ lójú Hàlímọ̀. Mùnírátù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn dí ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ọ̀tún Ṣàngódèyí ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó yé àgbàlagbà náà pé torí oówo lòun ṣe dúró láti ìpàdé ọjọ́sí, ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọrọ àyè kóun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn bá jókòó sílẹ̀, wọ́n ń nu ojú.

Ṣùgbọ́n Ọ̀tún kì í gbàgbé òfin. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní òun tọrọ àforíjì, ẹ̀rín dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ká bi yín kò sí, olorì sì ti bi wọ́n níwájú gbogbo ìlú. Hàlímọ̀ kúnlẹ̀, ó ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Ọba ní kí Ọ̀tún tún ọ̀rọ̀ náà pè. Ọ̀tún pè é: ká bi yín kò sí. Ọba ní ta ni àwọn "a" tó wà nínú "ká" yẹn. Ọ̀tún ronú, ó ní àwa ará ìlú ni.

"Ẹ káre," ọba ní. "Ẹ̀yin ará ìlú lẹ ò gbọdọ̀ bi mí. Àmọ̀kẹ́ ò sí lára yín, ara tèmi ló wà. Kẹ́ ẹ tó fi mí jọba ni mo ti ṣèlérí fún un pé títí eyín mi á fi ká ni n ó máa dáhùn. Adé tẹ́ ẹ fún mi, orí lẹ dé e lé, ẹ ò fi dí mi lẹ́nu."

Ọ̀tún tún "ká" náà pè nínú ara rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá yíjú sí Hàlímọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní bí wọn ò bá bi ọba, àwọn á máa dúró títí àwọn á fi kú. Ó bẹ olorì kó dákun kó máa bá àwọn bi ọba.

Hàlímọ̀ bá gbé omi gbígbóná wọ yàrá ọba, ó ń fi aṣọ tẹ oówo náà. Ibẹ̀ ló ti béèrè gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà náà: bóyá iyọ̀ tó, àlá wo ló lá, ṣé ó mọ̀ sí ti Mùnírátù. Ọba dá gbogbo rẹ̀ lóhùn; ti Mùnírátù, ó ní òun ò mọ̀ sí i, wọ́n kàn sọ fún òun pé àlejò ń bọ̀ láti Ayétẹ̀ ni. Nígbà náà ni Hàlímọ̀ wá bi í bóyá ó kábàámọ̀ ẹ̀rín tó fi òun rín lọ́jọ́ yẹn, ó sì tẹ aṣọ gbígbóná náà mọ́lẹ̀. Ọba kígbe pé òun kábàámọ̀. Títí dòní, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò lè sọ bóyá oówo ló kígbe ni tàbí ìrònúpìwàdà. Hàlímọ̀ ní òun gba méjèèjì.

Nígbà tí ọdún ìlú dé, Hàlímọ̀ ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, ọba náà sì jókòó dáadáa. Ọ̀tún fi í jẹ Abèèrè níwájú gbogbo àlejò, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń bú u di oyè. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ń ká ìlú lára tí wọn ò lè bi ọba, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà, wọ́n á bá a níbi ẹ̀gúsí, wọ́n á ní Olorì, ẹ bá wa bi wọ́n. Mùnírátù padà sí Ayétẹ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí kan. Ó ti jẹ́wọ́ fún Hàlímọ̀ pé tíṣà kan ń bẹ níbẹ̀ tó wu òun, pé kò kàn sẹ́ni tó bi òun ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn ààfin kọjá nírọ̀lẹ́ lásìkò ìkórè ẹ̀gúsí, ẹ ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń béèrè àti ohùn ọkùnrin kan tó ń dáhùn. Ọba á ti ṣí adé kalẹ̀, á gbé àpótí sídìí igbá, á máa bá a bó ẹ̀gúsí. Eyín rẹ̀ iwájú kan ti ká. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n pe ìrun, Hàlímọ̀ ṣàlùwàlá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kírun tán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó sì wo ọkọ rẹ̀ tó ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára agbádá.

"Ọlọ́run mi," ó ní, "lónìí, mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kàn ní kí n dúpẹ́ ni."